Ṣé O Mọ̀? Odindi Pákó Kan Ti Tó Àsíá Nàìjíríà

Ṣé o mọ̀ pé pákó plywood tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ igi ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ṣàgámù àti káàkiri Nàìjíríà ti ní ìrísí àsíá wa kí ayùn tó kàn án? Gígùn àsíá Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Odindi plywood kan sì rèé, ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 ni ìbú rẹ̀. Ìlọ́po méjì géérégé ni. Ẹni tó bá fẹ́ kan àsíá ńlá mọ́ ògiri ilé rẹ̀ kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tó dé, kò ní gé ohunkóhun dànù lára pákó náà.

Pípín rẹ̀ pàápàá kò nira. Ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ ínṣì 96. Pín in sí mẹ́ta, ínṣì 32 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan: 32 àwọ̀ ewé, 32 funfun, 32 àwọ̀ ewé. Kò sí ẹ̀yọ ínṣì kan tó ṣẹ́kù, kò sí ìdá kan tí wàá máa wá kiri lórí téèpù ìwọ̀n. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá mọ ìṣirò pínpín lè fa ìlà méjèèjì náà fúnra rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ kàn bá a di òpin rúlà mú.

Wo àwọn mìíràn kí o lè mọ irú ọrẹ tí wọ́n fún wa. Àsíá Tógò, tí ayàwòrán Paul Ahyi ṣe, tí wọ́n sì gbé sókè nígbà òmìnira wọn ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 1, gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ 1.618, ìwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fẹ́ràn púpọ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí lórí rúlà káfíńtà kankan. Ìlà márùn-ún ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ kan lórí igun pupa. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 10 sí 19, ó ní ìlà 13 àti ìràwọ̀ 50, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu márùn-ún. Ẹni tó fẹ́ fi igi ṣe irú èyí yóò gbẹ́ ẹnu ìràwọ̀ 250 kí ó tó sinmi. Àsíá Amẹ́ríkà oníràwọ̀ 50 yìí náà kò dàgbà ju tiwa lọ púpọ̀: ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, tiwa sì tẹ̀ lé e ní oṣù mẹ́ta péré.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbé àsíá Nàìjíríà kọ́ sódì? Dojú rẹ̀ bolẹ̀, bákan náà ló rí. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, bákan náà ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú oore yìí: àwọn ìlà funfun tó dábùú ara wọn nínú àsíá wọn, Union Jack, kò dọ́gba, ẹni tí kò bá sì fojú sílẹ̀ yóò gbé e kọ́ sódì láìmọ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni pákó tiwa lè fara gbà, ìyẹn ni kí ènìyàn nà án ró lóòró. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìlà tó yẹ kó dúró yóò sùn, kò sì ní jẹ́ àsíá Nàìjíríà mọ́. Ìdùbúlẹ̀ ni pákó náà gbọ́dọ̀ wà.

Ta ló wá ro èyí? Michael Táíwò Akínkúnmi ni. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1936, ṣùgbọ́n Òwu ní Abẹ́òkúta ni orísun rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwa ará Rẹ́mọ lè pè é láìṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí Ìbàdàn Grammar School, ó sì kọjá sí Norwood Technical College ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa iṣẹ́ iná mànàmáná. Ibẹ̀ ló wà tó fi rí i nínú ìwé ìròyìn pé ìjọba ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún orílẹ̀-èdè tó ń bọ̀ wá gba òmìnira. Àwòrán tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ lé ní 2,000. Tirẹ̀ ni wọ́n mú ní ọdún 1959, wọ́n sì fún un ní ọgọ́rùn-ún pọ́ùn. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà. Kì í ṣe ayàwòrán, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nípa àsíá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, tó jókòó sí ìlú olóyẹ́, tó ń rántí bí igbó àti oko ilé ṣe tutù yọ̀yọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oòrùn wà nínú àwòrán tó fi sílẹ̀. Oòrùn pupa ni, ó ń ràn ní àárín ìlà funfun. Àwọn adájọ́ ìdíje náà ló yọ ọ́ kúrò. Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀, mo sì gbà pé wọ́n ṣe ohun tó dára. Bí oòrùn yẹn bá wà níbẹ̀ ni, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọdé tó fẹ́ ya àsíá Nàìjíríà ì bá ti máa pàdé òkè ìṣòro. Bó ṣe wà yìí, kò sí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà tí kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ya àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó sì yà á pé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù lọ rèé. Akínkúnmi padà wálé ní 1963, ó ṣiṣẹ́ ọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1994. Àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n òun kò gbàgbé. Ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọ̀ ewé àti funfun ló fi kùn ún, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kọjá ní òpópónà yóò rí àsíá kí ó tó rí ilé. Ní 2014 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní oyè OFR. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ní ẹni ọdún 87. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ta ló sọ ilé rẹ̀ di àsíá ní Nàìjíríà, o ti mọ ẹni tí wàá dárúkọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fa àsíá náà sókè ní pápá ìdíje ẹṣin ní Èkó? Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909, ti fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní ìparí 1959 láti díje sí ilé àpapọ̀. Ìlú kan náà ni Tai Solarin ti wá, ẹni tí wọ́n bí ní 1922, tó jẹ́ atọ́nà ọkọ̀ òfuurufú nínú ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, tó sì dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956. Ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ló fi sọ iléèwé náà lórúkọ. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a máa roko, a máa gbé bíríkì, a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ohun tí yóò lò. Ìlú tó ní irú ìtàn báyìí kò yẹ kó máa ra àsíá onírọ́bà tí kò ní lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń fi igi ṣe àsíá sí ilé. Ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé American Folk Art Museum ní New York. Géètì oko ni. Ní nǹkan bí 1876, nígbà tí Amẹ́ríkà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnì kan ní Jefferson County ní ìpínlẹ̀ New York kan géètì fún oko kan, ó gbẹ́ àwọn pákó rẹ̀ kí wọ́n máa wọ́ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ó sì kùn ún ní pupa, funfun àti búlúù, níwájú lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Géètì náà ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà lọ́rẹ. Oko ló ti wá, kì í ṣe ààfin.

Àwa Yorùbá náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi igi tí a kùn bọlá fún ìlú. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ààfin Ọ̀gọ̀gà, ọba Ìkẹ́rẹ́, ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924, British Museum sì fẹ́ ẹ gan-an. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ọ̀gọ̀gà gbà ní pàṣípààrọ̀. Igi tí a gbẹ́ tí a sì kùn, ọ̀wọ́n ni lójú àwọn baba wa.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ igi fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìyanu pọ̀ sí. Plywood rọrùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn òjò, etí rẹ̀ ni omi sì ń gbà wọlé. Kun etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó kan ojú rẹ̀. Bí o bá fojú fo etí, pákó náà yóò wú, yóò sì máa bó ní ìpele ìpele láàárín ọdún kan. Ra èyí tí wọ́n fi gúlúù tó ń kojú omi ṣe, bí o bá rí i.

Ẹni tó bá yàn láti fi pákó gbọọrọ gbọọrọ tò ó pọ̀, kí ó mọ igi tó ń mú. Àrẹ̀rẹ̀ fúyẹ́, ìṣó a máa wọ̀ ọ́ kíákíá, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í pẹ́ jẹrà ní ìta. Àfárá dára ju ìyẹn lọ fún inú ilé. Ìdígbó lágbára, ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: bí ìdígbó bá rin, tó sì kan irin, yóò dúdú yí ìṣó náà ká, oje rẹ̀ pàápàá sì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí omi máa ń fà jáde. Fojú inú wo ohun tí ìyẹn yóò ṣe sí ìlà funfun tí o fi òógùn kùn. Ìrókò ni ọba gbogbo wọn ní ìta nítorí pé ikán kì í fẹ́ bá a ṣeré, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà olóròóró tètè gbẹ. Nu ojú rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú tínnà, jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí o fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò ó kí o tó kùn ún. Má sì kan àwọn pákó náà pọ̀ pinpin. Igi a máa fẹ̀ nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ọyẹ́, ìbú rẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fi àlàfo tín-ín-rín sáàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò ti ara wọn títí ọ̀kan yóò fi yọ ikùn.

Ìgbà wo ló dára jù? Ọjọ́ òmìnira wà ní oṣù kẹwàá, òjò kò sì tíì dáwọ́ dúró ní Rẹ́mọ nígbà náà. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ yóò máa gbé pákó sá òjò kiri. Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ ni kí o fi kun ọ̀dà rẹ. Àwọn ọmọ wà nílé ní ìgbà náà, iléèwé ti palẹ̀ mọ́, ọwọ́ wọn yóò sì ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ṣé o mọ bí àwọn akunlé tó gbọ́n ṣe ń rí ìlà tó mú sánsán? Kun gbogbo pákó náà ní funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé funfun kì í bo àwọ̀ ewé mọ́lẹ̀ bọ̀rọ̀. Bó bá gbẹ, lẹ téèpù mọ́ ojú ìlà méjèèjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ló kàn: fi funfun gba etí téèpù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dí gbogbo ihò tí ọ̀dà lè gbà yọ́ wọlé. Ohun tó bá yọ́ wọ abẹ́ téèpù nígbà náà, funfun lórí funfun ni, ojú kò ní rí i. Lẹ́yìn èyí ni kí o wá kun àwọ̀ ewé, kí o sì fa téèpù kúrò kó tó gbẹ tán. Ìlà náà yóò mú bí ẹni fi abẹ gé e.

Àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ ní àṣírí. O ti rí géètì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé rí, tó wá di búlúù lẹ́yìn ọdún díẹ̀? Àwọ̀ méjì ni wọ́n pò pọ̀ láti rí i, ìyeyè àti búlúù. Oòrùn a tètè pa ìyeyè, búlúù a sì dá dúró. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà rí àwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi bàbà ṣe, èyí tí oòrùn kì í tètè borí. Bi ẹni tó ń tà á léèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ìta. Má jẹ́ kí ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú sọ àsíá Nàìjíríà di ti ìlú tí kò sí.

Níbi tí a dé yìí, jẹ́ kí n sọ pé ìwọ̀n ìlà náà kì í ṣe ọ̀ràn eré. Erékùṣù Norfolk, tó wà nínú òkun lọ́nà Ọsirélíà, ní àsíá àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé bíi tiwa, pẹ̀lú igi kan ní àárín. Ìlà funfun tiwọn fẹ̀ ju àwọ̀ ewé lọ, 7 sí 9 sí 7. Ẹni tó bá fẹ ìlà funfun Nàìjíríà kó lè rí àyè kọ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí orúkọ olóṣèlú sí i ti kúrò lórí àsíá wa. Ínṣì 32 lọ́nà mẹ́ta, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀, ni àsíá.

Kíkọ́ rẹ̀ náà gba ìṣọ́ra. Plywood tó nípọn tó mílímítà 18 lè wúwo tó 30 kílò, pákó ẹsẹ̀ bàtà 8 sì ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ nígbà tí ìjì bá ń jà. Aṣọ a máa fẹ́ lẹ́lẹ́, a sì máa jẹ́ kí ìjì kọjá, pákó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kan igi gbọọrọ méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí o fi bóòtù dè wọ́n mọ́ ògiri, kì í ṣe ìṣó lásán. Jẹ́ kí àlàfo wà láàárín pákó àti ògiri kí òjò tó bá wọ ẹ̀yìn lè gbẹ. Má gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá.

Òfin tó dá lórí àsíá, tí wọ́n ti ṣe láti 1960, kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gbé àsíá tó ti bàjẹ́ tàbí tó ti di ìdọ̀tí síta. Èyí tí àwa ń rí lójoojúmọ́ kò bá òfin yẹn mu. Àwọn ọmọ iléèwé ń dúró ní àárọ̀, wọ́n ń sọ ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ Yorùbá kan, Felicia Adébọ́lá Adédoyin, kọ ní 1976, ojú wọn sì kọ sí àkísà tí òjò àti oòrùn ti jẹ tán lórí òpó. Ó dùn mí. Àsíá aṣọ ni a ń fà sórí òpó, a kò sì lè fi pákó rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n àsíá onípákó kan lára ògiri iléèwé yóò wà níbẹ̀ tó mọ́, tó tán, nígbà tí àwọn òbí bá ń kó owó jọ láti ra aṣọ tuntun.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka èyí ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpẹru, ní Ìlíṣàn, ní Ògèrè tàbí níbikíbi tí o bá wà: bí oṣù kẹjọ bá dé, ra plywood kan, galọ́ọ̀nù ọ̀dà funfun kan àti ti àwọ̀ ewé kan. Pe àwọn ọmọ ilé àti àwọn ọmọ aládùúgbò. Wọn ínṣì 32, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ti ilé tán tí ọ̀dà ṣẹ́kù, ẹ gbé e lọ sí iléèwé tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ bi ọ̀gá iléèwé bóyá ó ní ògiri tó ṣófo.